Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ Ìdí Ìgò

Dúrótoyè Afọlábí kì í fi ata kan ẹnu kí oòrùn tó kan àtàrí. Kì í jẹ obì ní òwúrọ̀, kì í sì í fi ọṣẹ ìfọyín tó ń ta sánsán fọ ẹnu. Orín lásán ni ó ń rún. Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Agbára, nígbà tí ahọ́n rẹ̀ jẹ́ irinṣẹ́ fún un bí ayùn ṣe jẹ́ fún káfíńtà. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, ó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù ọtí sí Ojú-Ore, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ kò bá a fẹ̀yìn tì.

Ọláníkẹ́ ìyàwó rẹ̀, tó ń ta ògì ní ẹ̀yìnkùlé, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

“Bàbá Yéwándé, ta ló tún fẹ́ yá ahọ́n yín lónìí, tí ẹ ò fẹ́ fi kan ọbẹ̀ mi?”

“Ẹni tí yóò yá a ń bọ̀ lọ́nà.”

Bí ó ṣe máa ń dá a lóhùn nìyẹn lójoojúmọ́, kò sì ní rẹ́rìn-ín. Ó dá a lójú ni.

Ìsẹ́yìn ni ó ti wá ní ọ̀dọ́, páálí ni ó sì kọ́kọ́ ń rù ní iléeṣẹ́ ọtí kan ní Agbára. Bí ó ṣe dé yàrá ìtọ́wò kò ní àrà kankan nínú: ọ̀fìnkìn mú ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà, imú rẹ̀ dí, wọ́n sì ń wá ahọ́n tí yóò dí àyè yẹn fún ọ̀sẹ̀ kan. Dúrótoyè wọlé, kò sì jáde mọ́ títí irun rẹ̀ fi funfun. Àwọn aládùúgbò rò pé ọtí ni ó ń mu kiri láti àárọ̀ di alẹ́. Irọ́ ni. Ẹni tó bá ń gbé e mì kò lè rí iṣẹ́ náà ṣe di ọ̀sán. Yóò gbóòórùn rẹ̀, yóò gbé e yí lẹ́nu, yóò tu ú sínú korobá, yóò sì sọ ohun tó rí: èyí dára, èyí ní òórùn irin, ẹ dá èyí padà.

Ọ̀gá kan wà ní iléeṣẹ́ náà nígbà yẹn, ará ilẹ̀ Faransé. Ní ìparí ọdún, ó máa ń pe àwọn atọ́wò wá sílé rẹ̀, á sì bu wáìnì pupa ìlú rẹ̀ fún wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní Bọ̀dó. Lọ́dún kan, ó ní ìgò tí bàbá òun ti gbé pamọ́ kí òun tó gbéyàwó ni òun ṣí. Inú jọ́ọ̀gì onígíláàsì ni wọ́n ti gbé e jáde láti ilé ìdáná. Dúrótoyè gbé e sẹ́nu, ó dúró, ó sì gbàgbé láti tu ú dànù. Ìgbà kan ṣoṣo tí ó gbàgbé láti tu ọtí dànù nídìí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọtí tó dé ahọ́n rẹ̀ tí kò fi wé e.

Ṣọ́ọ̀bù Ojú-Ore ń bọ́ ilé. Mọ́ọ̀tì ń tà, ọtí eléwé àti egbò ń tà, bí iná bá lọ tí jẹnẹrétọ̀ sì jẹ epo ju bó ṣe yẹ lọ, èrè ọjọ́ náà a dínkù díẹ̀, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ló lè ta mọ́ọ̀tì. Ó ń bọ́ Dúrótoyè, kò béèrè ahọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó ń dùn ún nìyẹn, kò sì sọ ọ́ fún ẹnìkan.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Susanna Ọláoyè dá mọ́tò rẹ̀ dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. Susanna ló ni ilé ìtura kan ní Sango, níbi tí àwọn òyìnbó tó bá wá bẹ iléeṣẹ́ wò ti ń sùn. Obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò ni.

“Bàbá, wọ́n ní ẹ mọ ọtí.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀, màdáámù?”

“Gbogbo àdúgbò Joju ló ń sọ ọ́.”

“Joju kì í parọ́.”

Obìnrin náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Ó jókòó sórí kéréètì, ó sì ṣàlàyé. Iléeṣẹ́ òyìnbó kan fẹ́ kógbá wọlé ní Agbára, wọ́n ta gbogbo ẹrù ilé àlejò wọn: bẹ́ẹ̀dì, àga, ẹ̀rọ amúlétutù. Susanna rà á. Nígbà tó tú yàrá ẹ̀yìn, ó bá àpótí onígi méjì níbẹ̀, wáìnì pupa Bọ̀dó ni, gbogbo ìgò ló fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí ẹni tó sùn, eruku sì ti bò wọ́n.

“Àlejò pàtàkì ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi ní Sátidé. Òyìnbó tó mọ wáìnì wà lára wọn. Mo fẹ́ gbé e fún wọn, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Ṣé ó ti gbó ni, àbí ó ti kú? Ọmọ Èkó kan ti wá wò ó, ó ní gbogbo rẹ̀ dára. Mo ní báwo lo ṣe mọ̀? Ó ní orúkọ ńlá ló wà lára ìgò.”

“Ó ṣí ọ̀kankan?”

“Kò ṣí nǹkan kan.”

“Ìwé ló kà nígbà náà. Kò tọ́ ọtí wò.”

“Ìdí tí mo fi wá bá yín nìyẹn. Bàbá, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Mi ò ní ẹni tó ń mójú tó yàrá ọtí mi. Bí ẹ bá sọ òótọ́ nípa àwọn ìgò yìí fún mi, kọ́kọ́rọ́ yàrá yẹn di tiyín: ríra, títọ́jú, gbígbé e síta. Bí ẹ bá sì kó ìtìjú bá mi níwájú àlejò, ẹ ó máa bá mọ́ọ̀tì yín lọ ní Ojú-Ore.”

“Mo gbọ́,” ni Dúrótoyè wí. “Lọ́la ni màá wá.”

Nígbà tí mọ́tò náà lọ tán, ó wo ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó wo fíríìjì tó ń kùn. Ó fẹ́ kọ́kọ́rọ́ yẹn. Ó fẹ́ ẹ ju bí ó ṣe fẹ́ kí ojú òun fi hàn lọ.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì ní ilé ìtura, wọ́n to gíláàsì sí i. Umar Àmọ̀dá, tó jẹ́ máníjà ibẹ̀, dúró ní igun, ó ká ọwọ́ lẹ́yìn. Mùsùlùmí òdodo ni, kì í fẹnu kan ọtí, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń lọ nínú ilé yẹn tí kì í fẹ́ fojú rí.

Dúrótoyè gbé ìgò àkọ́kọ́, ó gbé e sójú iná. Ó rí ohun dúdú kan tó sùn sí ẹ̀gbẹ́ ìgò láti òkè dé ìdí. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́dọ̀ wa, ohun tó bá sùn sí ìdí ìgò ni agbára ohun tó wà nínú rẹ̀. Àgbo ibà, a ó gbọ̀n ọ́n kí a tó mu ún. Oògùn ikọ́ ọmọdé, wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé ẹ gbọ̀n ọ́n. Ọtí eléwé àti egbò tí wọ́n ń ṣe ní Agbára, Dúrótoyè fúnra rẹ̀ ti gbọ̀n ọ́n títí apá fi ń ro ó. Ó di ọrùn ìgò Bọ̀dó mú, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kejì gbá ìdí rẹ̀ mú, ó sì gbọ̀n ọ́n kíjikíji bí ẹni tó ń gbọ̀n àgbo fún ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná.

Ó ṣí i, ó bù ú sí gíláàsì. Wáìnì náà ṣú bí omi ẹ̀gbin. Ó gbé e sẹ́nu, iyanrìn ni ó kọ́kọ́ kàn, lẹ́yìn náà ìkorò. Susanna náà tọ́ ọ wò, kíá ló fi ìnujú bo ẹnu.

“Bàbá, èyí ti kú! Ó ti kú, wọ́n ti sin ín, a tún lọ hú u.”

“Ó jọ omi tí bíríkìlà fi fọ ṣọ́bìrì,” ni Umar sọ láti igun rẹ̀.

“Ẹ kó gbogbo rẹ̀ dànù,” ni Susanna wí. “Àpótí méjèèjì. Màá ra ti Èkó.”

“Ẹ dúró ná, màdáámù.”

Dúrótoyè kò gbé gíláàsì náà sílẹ̀. Ó fi ìka bu èyí tó wà nísàlẹ̀, ó fi àtàǹpàkò rá a. Ó kúnná, ó dúdú, ó ń lẹ̀. Ó tún gbóòórùn rẹ̀. Lábẹ́ ìdọ̀tí yẹn, lọ́nà jíjìn, ohun tí ó mọ̀ wà níbẹ̀: òórùn ilé ọ̀gá ilẹ̀ Faransé, ní alẹ́ ọjọ́ tí ó gbàgbé korobá. Ara rẹ̀ wálẹ̀.

“Ọtí kò kú. Èmi ni mo fẹ́ pa á. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nìyí. Ó ti fara balẹ̀ sí ìdí ìgò láti ọjọ́ pípẹ́ wá, èmi ni mo gbọ̀n ọ́n dà sí yín lẹ́nu.”

“Ẹ̀yin tí gbogbo Joju ní ẹ mọ ọtí?”

“Ẹnu mi mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ mi ni kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo mu irú rẹ̀, wọ́n ti dà á tán kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ mi. Irú mẹ́ta ló wà nínú àpótí; ẹ mú ìgò kọ̀ọ̀kan nínú wọn, ẹ gbé wọn nàró sí ibi tó tutù. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kàn wọ́n títí di ọjọ́ Jímọ́ọ̀. Tí kò bá dára lọ́jọ́ náà, ẹ ra ti Èkó.”

Susanna wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó wá irọ́ tàbí ẹ̀bẹ̀ lójú ọkùnrin náà, kò rí i.

“Ìgò kan ni ẹ ní láti fi ṣe àṣìṣe, Bàbá. Ẹ ti lò ó tán. Ẹ gbé ẹrẹ̀ yín dání lọ sílé.”

Ó gbé e lọ. Ohun tí a ti ṣí kì í ṣe ohun tí a ń dà sí gọ́tà.

Ẹ̀yìnkùlé ni ó bá Ọláníkẹ́, ó kúnlẹ̀ ti korobá ògì tó ti fara rọ. Dúrótoyè ròyìn, kò fi ọ̀kan pamọ́. Nígbà tó dé ibi tó ti gbọ̀n ọ́n, obìnrin náà jókòó sílẹ̀ pátápátá, ẹ̀rín ń gbọ̀n ọ́n.

“Ẹ gbọ̀n ọ́n! Bàbá Yéwándé! Ẹ̀yin tí ẹ máa ń pariwo pé mo fi ẹsẹ̀ kan korobá, omidùn yóò rú!”

“Rẹ́rìn-ín tán, kí o tó sọ ohun tí o fẹ́ sọ.”

“Mi ò tíì tán.” Ó nu ojú. “Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ńkọ́, báwo lẹ ṣe fẹ́ dà á?”

“Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Màá bu díẹ̀ sí gíláàsì màdáámù, màá bu díẹ̀ sí tèmi.”

“Ẹ ó dà, ẹ ó gbé ìgò nàró, ẹ ó tún dà?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ wo ọwọ́ mi.”

Ó di etí korobá mú, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Omi orí ògì ń ṣàn, ó mọ́, kò dá korobá padà, kò mí. Nígbà tí funfun yọ lẹ́nu korobá, ó dúró. Ìsàlẹ̀ kò mì rárá.

“Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ má dá a padà, torí ìgbà tí ẹ bá dá a padà ni ó máa rú. Ẹ wá nǹkan tó lè gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ máa wo ọrùn ìgò.”

Dúrótoyè fọwọ́ gbá itan. “Jọ́ọ̀gì! Ohun tí òyìnbó yẹn ń fi jọ́ọ̀gì ṣe nìyẹn! Mo rò pé fáàrí ni.”

Ní Ọjọ́bọ̀, ó rọ omi ògì sínú ìgò wáìnì òfìfo, ó jẹ́ kó tòrò, ó sì ń kọ́ ọwọ́ ara rẹ̀ nídìí káńtà. Ó dà á, ó rú. Ó tún un ṣe. Fàtáì, télọ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì, yọjú.

“Bàbá, ṣé ẹ̀kọ mímu lẹ tún ń tà ni?”

“Fún ẹni tó bá ní eyín. Padà sídìí ẹ̀rọ rẹ.”

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Nígbà náà ni òun àti Ọláníkẹ́ da ìgò tí wọ́n ti gbọ̀n, tó ti fara rọ díẹ̀, wọ́n sì tọ́ ọ wò. Ẹnu obìnrin náà kákò.

“Ó fà mí lẹ́nu bí èèpo agbálùmọ̀.” Ó tún fi ahọ́n lá ètè. “Ṣùgbọ́n ẹnìkan ti bá a sọ̀rọ̀, ó ti rọ̀.”

Dúrótoyè fi ọ̀rọ̀ yẹn sápò.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, ó fi omi lásán fọ jọ́ọ̀gì onígíláàsì kan tó bá ní ilé ìtura, kí òórùn ọṣẹ má baà wọ̀ ọ́. Ìgò mẹ́ta wà ní ìnàró níbi tí wọ́n fi wọ́n sí. Umar ti wọ agbádá funfun, Jímọ́ọ̀ ni ó ń lọ, ṣùgbọ́n òun ló di tọ́ọ̀ṣì fóònù mú lẹ́yìn ọrùn ìgò. Dúrótoyè fa ìdérí jáde láìjẹ́ kí ìgò mì. Ó tẹ̀ ẹ́. Wáìnì ń ṣàn sínú jọ́ọ̀gì, ó mọ́ gaara. Nígbà tí okùn dúdú tín-ín-rín kan rìn dé èjìká ìgò, ó dúró.

“Bàbá, ó ṣẹ́ kù o,” ni Susanna wí.

“Ẹ jẹ́ kó ṣẹ́ kù.”

Ó bù ú sí gíláàsì, ó gbé e síwájú aṣọ funfun. Kò pupa fòò bí sóbò mọ́. Àárín rẹ̀ ṣì jin, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ti di àwọ̀ páànù orí ilé tó ti dípẹtà. Ó gbóòórùn rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó gbé e sẹ́nu, ó yí i. Agbálùmọ̀ kọ́kọ́ wá, ó fa ahọ́n díẹ̀, ó sì tú u sílẹ̀. Ewé tábà gbígbẹ tẹ̀ lé e, àti inú àpótí aṣọ ìyá àgbà, àti ilẹ̀ gbígbẹ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Ó rántí korobá lọ́tẹ̀ yìí, ó tu ú dànù, ṣùgbọ́n adùn náà kò bá a lọ. Ó dúró sí ẹnu rẹ̀.

“Ẹ tọ́ ọ wò, màdáámù.”

Susanna tọ́ ọ wò. Ó wo gíláàsì. Ó tún tọ́ ọ wò.

“Kò dùn bíi ṣúgà.”

“Kò dùn bíi ṣúgà.”

“Ṣùgbọ́n kò lọ. Kí ni kí n pe èyí?”

“Ẹ mú un bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ á gbó, á pọ́n, á sì rà. Èyí ti pọ́n. Ẹ gbé e fún wọn ní Sátidé, ẹ má fòyà.”

Ìgò kejì, ó ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbó ni: èèpo agbálùmọ̀ rẹ̀ ṣì le, kí wọ́n dá irú rẹ̀ padà sínú àpótí, kí ó sùn lọ. Susanna mi orí pé òun gbọ́. Ìgò kẹta ni gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Òun ni ìwé ara rẹ̀ ní àmì wúrà, òun ni ọmọ Èkó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún, òun sì ni Susanna ti sọ fún àwọn àlejò rẹ̀ lórí fóònù pé yóò ṣáájú gbogbo rẹ̀. Dúrótoyè dà á bó ṣe da ti ìṣáájú, ó tilẹ̀ tún mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó gbé e kúrò nímú.

“Èyí ti rà.”

“Rárá o!” Susanna dìde. “Èyí gan-an? Bàbá, àbí ẹ tún ti gbọ̀n ọ́n ni?”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ẹnu kan ló kù kí ó ṣí: kí ó ní ó dára, kọ́kọ́rọ́ á sì wọ àpò rẹ̀ kí Umar tó dé mọ́ṣáláṣí. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tún mọ̀ pé ahọ́n tó bá parọ́ lónìí, kò sẹ́ni tí yóò yá a mọ́, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní gbà á gbọ́ mọ́.

“Ẹ ò rí i bí mo ṣe dà á? Kò rú. Ìdérí onígi rẹ̀ tó ti bu ló bà á jẹ́. Ẹ gbóòórùn ti àkọ́kọ́, kí ẹ wá gbóòórùn èyí.”

“Mo ti gbọ́ ọ. Wáìnì ni méjèèjì.”

“Ọ̀gá Umar, ẹ bá wa gbóòórùn rẹ̀.”

“Ah, Bàbá! Èmi tí mo ti ṣe àlùwàlá?”

“N ò ní kí ẹ mu ún. Ẹ dúró níbẹ̀ kí èmi gbé e kọjá.”

Ó gbé gíláàsì náà kọjá níwájú rẹ̀ ní ọ̀ọ́kán. Umar fa imú, ó rún ojú.

“Páálí tí òjò pa. Òórùn yàrá ẹ̀yìn wa níbí nìyẹn, kí a tó pààrọ̀ páànù rẹ̀.”

Susanna gba gíláàsì, ó ti imú bọ̀ ọ́. Ó pẹ́ díẹ̀. Nígbà tó gbé orí sókè, ó lọ sídìí síǹkì, ó da gbogbo jọ́ọ̀gì náà síbẹ̀, ó sì ju ìgò alámì wúrà náà nù. Ó padà wá, ó ń yọ kọ́kọ́rọ́ kan kúrò lára èyí tó so pọ̀.

“Ẹ gbà. Bí Sátidé bá bàjẹ́, ẹ ó dá a padà.”

“Kò ní bàjẹ́. Màá gbé ìgò irú tó pọ́n yẹn nàró báyìí. Ẹ ra jọ́ọ̀gì méjì sí i. Olówó pọ́ọ́kú náà ń ṣiṣẹ́, kó ṣáà ti mọ́.”

Nígbà tó délé, Ọláníkẹ́ rí kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó bu ọbẹ̀ gbígbóná sí abọ́, ó tì í sí i.

“Wọ́n ti yá ahọ́n yín lò tán. Ẹ wá jẹ ata.”

“Wọn ò tíì dá a padà,” ni Dúrótoyè wí, ó sì ti abọ́ náà sẹ́yìn díẹ̀.

Ní Sátidé, jọ́ọ̀gì mẹ́ta lọ sórí tábìlì àwọn àlejò, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà sí ilé ìdáná ní gbígbẹ. Susanna yọjú sí yàrá ọtí, ó kàn ní, “Wọ́n ní ṣé ó ṣẹ́ kù,” ó sì padà sọ́dọ̀ wọn. Kò béèrè kọ́kọ́rọ́. Dúrótoyè da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ gbogbo ìgò náà pọ̀ sínú ọ̀kan, ó dí i. Ọláníkẹ́ ti ní kí ó mú un bọ̀, òun fẹ́ fi rẹ ẹran.

Oòrùn kò tíì wọ̀ tán nígbà tí ó gun ọ̀kadà lọ sílé, ó fi itan méjèèjì há ìgò náà ní ìnàró. Ọlọ́kadà bojú wẹ̀yìn.

“Bàbá, àgbo lẹ gbé dání yẹn? Ẹ rí i pé ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa kí ẹ tó mu ún o!”

“Ìwọ ṣáà bá mi rọra gba inú kòtò yẹn,” ni Dúrótoyè wí.